Ó forí gbálẹ̀, ó ní kò ṣe òun ní nǹkan kan: Ẹ má tètè buwọ́ lùwé ní tẹ́ṣàn o!

Ojoojúmọ́ ni irú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ lójú títì l'Ékòó, n'Íbàdàn àti l'Ábẹ́òkúta. Ọkọ̀ á gbá ọlọ́kadà pẹ̀lú èrò tó gbé sẹ́yìn, èrò á fò sókè, á forí balẹ̀ gbì! Àwọn èèyàn á sáré pé lé e lórí, wọ́n á máa bu omi sí i lójú. Ká tó wí, ká tó fọ̀, ọkùnrin náà ti dìde, ó ti ń gbọn eruku aṣọ nù, ó ń béèrè fóònù ẹ̀. Ni gbogbo wọn á bá pariwo pé Ọlọ́run ṣeun. Dírẹ́bà tó gbá a á dọ̀bálẹ̀, á ki 10,000 náírà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, kálukú á wábi gbà.

Kílẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, orí ti ń fọ́ ọ, ó ti ń bì, oorun sì ti ń kùn ún. Àwọn ará ilé á ní kí wọ́n jẹ́ kó sùn, pé ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Oorun ọ̀hún làwọn mìíràn kì í jí mọ́.

Àwọn dókítà mọ ohun tó ń fa irú ẹ̀ dáadáa. Iṣan ẹ̀jẹ̀ kan wà lábẹ́ agbárí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí, nítòsí etí. Bégungun ibẹ̀ bá sán, tí iṣan náà bá já, ẹ̀jẹ̀ á máa rọra sun sáàárín agbárí àti awọ tó bo ọpọlọ. Kò síbi tó fẹ́ẹ́ gbà jáde, agbárí kì í sì í ṣe bàlúù tó lè fẹ̀ sí i, ọpọlọ ni ẹ̀jẹ̀ náà á máa tẹ̀ mọ́lẹ̀. Láàárín wákàtí tó fi ń kún yẹn, ẹni náà lè máa sọ̀rọ̀, kó máa rẹ́rìn-ín, kó tiẹ̀ tún jẹ ẹ̀bà.

Ohun tó pa Natasha Richardson, òṣèré fíìmù ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó jẹ́ ìyàwó Liam Neeson, gan-an nìyẹn. Lọ́jọ́ 16, oṣù kẹta, ọdún 2009, ó ṣubú níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń yọ̀ lórí yìnyín ní Kánádà. Ó ní kò sóhun tó ṣe òun, wọ́n sì dá ọkọ̀ tó fẹ́ẹ́ gbé e lọ sọ́sibítù padà. Kò pẹ́ lorí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ọ. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ 18, obìnrin náà ti kú ní New York. Olówó ni, olókìkí ni, àkókò ló bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Ọ̀kadà nìkan kọ́ ló ń dá irú eléyìí sílẹ̀ o. Bíríkìlà tó já bọ́ látorí pákó tí wọ́n fi ń gun ilé tí wọ́n ń kọ́, lébìrà tí búlọ́ọ̀kù jábọ́ lé lórí, èrò ọkọ̀ tí ò de bẹ́líìtì, ọ̀dọ́mọkùnrin tí wọ́n la igi mọ́ lórí níbi ìjà, ìyàwó ilé tọ́kọ gbá orí ẹ̀ mọ́ ògiri, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Àwọn ọlọ́kadà ṣá ló máa ń pọ̀. Nígbà tájọ ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, FRSC, bẹ̀rẹ̀ sí í fipá mú wọn láti dé hẹ́límẹ́ẹ̀tì lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2009, ṣé ẹ rántí ohun tó ṣẹlẹ̀? Àwọn kan gbé igbá dé orí, àwọn mìíràn dé garawa ọ̀dà! Àwọn èrò náà ń sá fún hẹ́límẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní wọ́n lè ti fi oògùn sínú ẹ̀. Ẹ̀rín làwọn èèyàn fi í rín nígbà náà.

Ẹni tí ò kú gan-an lọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń le jù. Ojú ọgbẹ́ á ti jinná, ṣùgbọ́n ọkùnrin tó máa ń fara balẹ̀ tẹ́lẹ̀ á wá di oníbìínú. Á gbàgbé orúkọ ọmọ ẹ̀, á gbé kọ́kọ́rọ́ sínú ìkòkò, iṣẹ́ tó ti ń ṣe láti ogún ọdún kò ní í yé e mọ́. Ìyàwó á ní ayé ti ń ṣe ọkọ òun, wọ́n á dorí kọ orí òkè, wọ́n á máa wo ìyá àgbà tó wà lábúlé bíi pé òun ló ṣe é. Kò sẹ́ni tó máa rántí pé ó forí gbálẹ̀ lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn. Ilẹ̀ yìí kò kúkú ṣàì ní ẹni tó mọ̀ nípa ẹ̀. Látọdún 1962 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Látúndé Odeku, ọmọ Àwẹ́, ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ abẹ ọpọlọ ní UCH, Ìbàdàn.

Ibi tọ́rọ̀ òfin ti wọ̀ ọ́ nìyí. Ní tẹ́ṣàn, ọjọ́ kejì ìjàǹbá, wọ́n á ní kí wọ́n yanjú ẹ̀ ní ìtùnbí-ìnùbí. Ọlọ́kọ̀ á san owó oògùn, wọ́n á gbé ìwé kalẹ̀ pé ẹni tó ṣèṣe ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ ẹ̀, kò tún ní í béèrè ohunkóhun mọ́ láéláé. Á buwọ́ lù ú, nígbà tí wọn ò tí ì ya àwòrán inú orí ẹ̀ rárá. Bí ọ̀rọ̀ bá wá bẹ́yìn yọ, ìwé yẹn ni lọ́yà ọlọ́kọ̀ máa kọ́kọ́ nà síta ní kóòtù. Ẹjọ́ táwọn ọlọ́pàá bá sì pe dírẹ́bà, ìjọba ló ni ín. Owó gbà-má-bínú fẹ́ni tó ṣèṣe, ẹjọ́ mìíràn ni, òun fúnra ẹ̀ ló máa pè é. Nínú ẹ̀ ló ti lè béèrè owó ìwòsàn, owó iṣẹ́ tó ti pàdánù, èyí tó ṣì máa pàdánù àti ìrora tó jẹ. Bí dírẹ́bà bá ń ṣiṣẹ́ fún ẹnì kan, kí wọ́n pe ẹni tó ni ọkọ̀ mọ́ ọn.

Ọ̀pọ̀ ni kò mọ̀ pé ìnṣọ́ránsì táàdì-pátì tí wọ́n ń rà torí ọlọ́pàá, torí irú ọjọ́ yìí ni òfin ṣe sọ ọ́ di dandan. Lóṣù kìn-ín-ní, ọdún 2023, ni wọ́n gbé owó ẹ̀ fún ọkọ̀ àdáni láti 5,000 dé 15,000 náírà. Ẹni tí ọkọ̀ bá ṣe léṣe lẹ́tọ̀ọ́ láti tọ iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì náà lọ. Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kẹ́nì kan nínú ẹbí ya fọ́tò nọ́ńbà ọkọ̀ àti ìwé tó wà lójú gíláàsì lọ́jọ́ náà gan-an, nítorí ayédèrú pọ̀ níbẹ̀. Kó sì gba orúkọ àwọn tó rí i, ìwé ọlọ́pàá, káàdì ọsibítù àti rìsíìtì.

Tó bá jẹ́ ibi iṣẹ́ ni, òfin ọdún 2010 lórí owó gbà-má-bínú òṣìṣẹ́ ló kàn, àjọ NSITF ló sì ń bójú tó o. Ọ̀gá ló ń san ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gbogbo owó oṣù síbẹ̀, kò gbọdọ̀ yọ ọ́ lówó òṣìṣẹ́. Lébìrà ojúmọ́ àti ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ náà wà nínú ẹ̀, ó sì kan ẹni tó ṣèṣe lójú ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́dọ̀ fi tó ọ̀gá létí láàárín ọjọ́ 14, kí wọ́n sì béèrè owó náà kó tó pé ọdún kan. Ọ̀gá tó ní kí wọ́n má jẹ́ kí NSITF gbọ́, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé kò san kọ́bọ̀ síbẹ̀ rí ni.

Ọsibítù tó bá ní kí wọ́n kọ́kọ́ sanwó kí òun tó fọwọ́ kan ẹni tó ń kú lọ náà ti rú òfin ìlera ọdún 2014. Ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà wà níbẹ̀, tàbí méjèèjì.

Ẹni tówó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù, ìyẹn 70,000 náírà tíjọba fọwọ́ sí lọ́dún 2024, lè lọ bá Legal Aid Council. Wọ́n ń gba ẹjọ́ ìjàǹbá rò lọ́fẹ̀ẹ́. L'Ékòó, ọ́fíìsì OPD tíjọba ìpínlẹ̀ dá sílẹ̀ náà wà níbẹ̀.

Ọdún mẹ́ta péré l'òfin Èkó fún ẹni tó bá fẹ́ẹ́ pe irú ẹjọ́ yìí. Tó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ló wa ọkọ̀ náà, oṣù mẹ́ta ni. Ẹni tó ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì tí ò mọ ara ẹ̀, ẹbí ẹ̀ lè gbé ẹjọ́ náà lọ sí kóòtù lórúkọ ẹ̀.