Ewé tó ń mú ara yá, egbò tó ń mú ara rọ̀: ẹ jẹ́ ká mọ̀ wọ́n yàtọ̀

Nígbà tí ọkàn èèyàn bá bàjẹ́, tí kò rí oorun sùn, tí oúnjẹ kò wù ú jẹ mọ́, ewé àti egbò ni ọ̀pọ̀ nínú wa máa ń kọ́kọ́ wá. Kò sí ohun tó burú nínú ìyẹn. Àmọ́ èyí tó ń jí ara sílẹ̀ kọ́ ló ń mú ara rọ̀, a sì rí àwọn tó ń fi ọ̀kan rọ́pò èkejì láì béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí obì. Àbàtà ni o, gbànja ni o, caféine wà nínú méjèèjì, ohun kan náà tó wà nínú káfé. Òun ló ń jẹ́ kí ojú là, kí ọ̀rọ̀ dùn lẹ́nu, kí zémidjan lè gun ọ̀kadà rẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú. Caféine yìí kì í tètè kúrò lára: lẹ́yìn bíi wákàtí márùn-ún, ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá jẹ obì ní ìrọ̀lẹ́ kó má ṣe bú àjẹ́ bí kò bá rí oorun sùn. Bí ẹni náà bá sì ti ní àníyàn lọ́kàn tẹ́lẹ̀, obì á mú kí àyà rẹ̀ máa lù kìkì, ìdààmú rẹ̀ á sì pọ̀ sí i. Ní ti àwọn aboyún, OMS sọ pé ẹni tó bá ń jẹ ju 300 miligíráàmù caféine lọ lóòjọ́, kó dín in kù. Ẹ ka obì mọ́ káfé àti Coca o, torí ọ̀pọ̀ kì í kà á.

Ẹfinrin, tí àwọn Fọ̀n ń pè ní tchiayo, àti ewé tíì tí a mọ̀ sí citronnelle, àwọn wọ̀nyí rọrùn. Tisane wọn ní ìrọ̀lẹ́ kì í pa ẹni tí ara rẹ̀ le lára. Lójú tèmi, omi gbígbóná, òórùn ewé àti ìjókòó jẹ́jẹ́ pẹ̀lú ará ilé, gbogbo rẹ̀ ló jọ ń ṣiṣẹ́ náà.

Èyí tó yẹ ká fara balẹ̀ sọ ni ti asofẹ́yẹjẹ, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Rauvolfia vomitoria. Orúkọ rẹ̀ ti sọ ara rẹ̀: ó ń so fún ẹyẹ jẹ. Wọn ò sọ pé ó ń so fún èèyàn. Láti ìgbà pípẹ́ ni àwọn oníṣègùn wa ti ń fi gbòǹgbò rẹ̀ tọ́jú wèrè, wọn ò sì parọ́. Ní 1952, àwọn onímọ̀ ilé iṣẹ́ Ciba ní Suisse yọ réserpine jáde lára ìbátan igi yìí tó ń hù ní Íńdíà, réserpine yìí kan náà sì wà nínú tiwa. Wọ́n fi ṣe oògùn tension, wọ́n tún fi ń tọ́jú àwọn tí orí wọn dàrú. Ní 1960, dókítà Raymond Prince, ọmọ Kánádà tó ṣiṣẹ́ láàárín àwọn Yorùbá ní Nàìjíríà, kọ̀wé lórí bí àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ ṣe ń lò ó fún wèrè.

Báwo ló ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn èròjà kan wà nínú ọpọlọ tó ń jíṣẹ́ láti ibì kan dé ibòmíràn. Wọ́n wà lára ohun tó ń jẹ́ kí inú wa dùn, kí iṣẹ́ wù wá ṣe. Réserpine kì í jẹ́ kí ọpọlọ rí wọn tọ́jú pa mọ́, wọ́n á sì máa tán lọ díẹ̀díẹ̀, bí àgbàdo inú àká tí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lu. Ẹni tó ń pariwo, tó ń sáré kiri ìgboro, á rọ̀. Ẹni tó ti rọ̀ tẹ́lẹ̀ ńkọ́?

Láti àwọn ọdún 1950 ni àwọn dókítà ti rí i pé àwọn kan tó ń lo réserpine nítorí tension bẹ̀rẹ̀ sí í ní ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, àwọn míì tiẹ̀ ń fẹ́ pa ara wọn. Títí dòní, ìkìlọ̀ tó wà lórí oògùn náà ni pé kí a má fún ẹni tó ní ìrẹ̀wẹ̀sì. Nítorí náà, opó tó jókòó sínú yàrá tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀, abiyamọ tuntun tí ọmọ rẹ̀ ń ké tí kò gbé e, àwọn wọ̀nyí kì í ṣe wèrè. Ẹ má bu àgbo asofẹ́yẹjẹ fún wọn. Ẹ lè rò pé ẹ̀ ń tù wọ́n lára, kó jẹ́ pé ẹ̀ ń tì wọ́n sínú kòtò.

Ọ̀rọ̀ ìwọ̀n náà tún wà níbẹ̀. Ní ilé ìwòsàn, réserpine tí wọ́n ń fúnni lóòjọ́ fún tension kì í sábà ju 0,1 tàbí 0,25 miligíráàmù lọ. Ta ló lè wọn ìyẹn nínú ìkòkò àgbo? Gbòǹgbò kan le ju èkejì lọ. Ó máa ń pẹ́ kó tó hàn lára, ó sì máa ń pẹ́ kó tó kúrò, ni àwọn kan ṣe máa ń fi kún un nígbà tí wọ́n bá rò pé kò jẹ́. Ẹni tó ti ń lo oògùn tension lè dìde láàárọ̀ kí òòyì gbé e ṣubú. Kò bá ẹni tó ní ọgbẹ́ inú mu, kò bá aboyún àti ẹni tó ń fọ́mọ lọ́mú mu. Gbòǹgbò rẹ̀ tí wọ́n bá rì sínú sódàbí ló tún burú jù, torí ọtí náà ń mú ara rọ̀, méjèèjì á sì pàdé lára ẹni kan ṣoṣo.

Mo tún gbọ́dọ̀ dárúkọ gegemu, tí àwọn míì ń pè ní apikán, torí àwọn ọ̀dọ́ kan ń rẹ èso rẹ̀ mu pé ó ń múnú dùn. Kò sí ìdùnnú kankan níbẹ̀. Ẹnu á gbẹ, ojú á ranjú, ìtọ̀ ò ní jáde, ara á gbóná, ẹni náà á máa bá ẹni tí kò sí níbẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì lè kú. Ẹni tó bá ti mu ún, ẹ gbé e lọ sí hôpital lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró de òwúrọ̀.

Bí ìbànújẹ́ bá ti ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí ẹni náà kò lè ṣiṣẹ́ mọ́, tàbí tó ń sọ̀rọ̀ ikú, kì í ṣe tisane ló kàn. Ẹ mú un lọ sí centre de santé tó bá sún mọ́ yín. Jacquot wà ní Kútọnu, ibùdó Saint-Camille ti Grégoire Ahongbonon sì wà ní Avrankou lẹ́bàá Àjàṣẹ́, níbi tí wọn kì í ti í fi ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ de aláìsàn. Ojú ò tini láti lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá dé ibẹ̀, ẹ sọ gbogbo àgbo tí aláìsàn ti mu fún dókítà, ẹ má fi pamọ́. Bí èyí tó kù bá wà nílé, ewé ni o, gbòǹgbò ni o, ẹ dì í sínú ọ̀rá kí ẹ mú un dání.