Iná lọ, iṣẹ́ lọ: Ohun tí òòfà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lè ṣe sí i

Akẹ́kọ̀ọ́ tó bá ti jókòó sí káfíì nílùú Ẹdẹ rí, yálà ti Poli ni o, ti Redeemer's tàbí ti Adeleke, tó ń tẹ próójẹ́ẹ̀tì rẹ̀ lọ́wọ́ tí NEPA fi mú iná lọ, mọ bó ṣe máa ń dunni. Tí kò bá tíì fi í pamọ́, ó di kó bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Kí ló ń fà á?

Ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà ń gbà rántí nǹkan. Èyí tó ń tọ́jú ohun tí a ti fi pamọ́ kì í gbàgbé. Ṣùgbọ́n RAM, níbi tí iṣẹ́ tó wà lọ́wọ́ wà, iná ló gbẹ́kẹ̀ lé. Iná lọ báyìí, ó ti gbàgbé nìyẹn.

Òòfà ò rí bẹ́ẹ̀. Iná wà o, iná ò sí o, ibi tó kọjú sí náà ló máa kọjú sí. Tó bá kọjú sókè, ó lè dúró fún 1. Tó bá kọjú sísàlẹ̀, 0. Ohun tí wọ́n fi ṣe mẹ́mòrì tí wọ́n ń pè ní MRAM nìyẹn, ó sì ti wà lọ́jà. Wàhálà ibẹ̀ ni pé iná gbọ́dọ̀ ṣàn gba inú rẹ̀ kọjá kí òòfà tó yí padà. Iná tó bá sì ń ṣàn, ooru ló ń mú wá, bíi ti áyọ́ọ̀nù, bẹ́ẹ̀ ló ń jẹ bátìrì.

Ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ dá sí i

Àwọn onímọ̀ ní kí iná má ṣàn mọ́. Wọ́n á fi ohun tí iná kò lè gbà kọjá dínà rẹ̀, kí fóltéèjì kàn máa tì í láti ẹ̀yìn. Èyí á mú kí ẹ̀lẹ́tírọ́ọ̀nù ojú irin náà pọ̀ sí i tàbí kó dín kù, agídí òòfà á sì rọ̀. Ṣùgbọ́n ojú irin nìkan ni agbára yìí mọ, kì í wọnú. Ìdí tí irin náà fi gbọ́dọ̀ fẹ́lẹ́ gan-an nìyẹn.

Lọ́dún 2000, Hideo Ohno àti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi fóltéèjì pa agbára òòfà, wọ́n sì tún jí i, àmọ́ nínú òtútù tó le ju ti yìnyín lọ fíìfíì ni. Lọ́dún 2007, àwọn onímọ̀ nílẹ̀ Faransé ṣe irú rẹ̀ láìsí òtútù kankan, pẹ̀lú àdàpọ̀ irin àti platinum tó nípọn tó nanometre 2. Nanometre mílíọ̀nù kan ló wà nínú milimita 1. Àyípadà tí wọ́n rí kò tó ìdá 5 nínú 100, ṣùgbọ́n ọ̀nà ti là.

Iṣẹ́ ṣì kù níbẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ẹ máa fi iṣẹ́ yín pamọ́ lóòrèkóòrè.