Kí ló dé tí ànàmọ́ òyìnbó fi ń ta dáadáa ní Jos, tí kì í ta ní Èkó?

Tí ọkọ̀ ànàmọ́ òyìnbó, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè ní pòtétò, bá wọ ọjà Mile 12 nílùú Èkó, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ìpínlẹ̀ Plateau ló ti ń bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń gbin èyí tó pọ̀ jù lọ ní Nàìjíríà.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí àgbẹ̀ tó wà nítòsí Èkó kò fi gbin tirẹ̀?

Òkè ló fà á

Jos àti agbègbè rẹ̀ fi nǹkan bíi mítà 1,200 ga ju òkun lọ. Bí ilẹ̀ bá ṣe ga sí i tó, bẹ́ẹ̀ náà ni afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ṣe máa ń tutù sí i. Nínú mítà 1,000, ooru máa ń dínkù ní nǹkan bíi dígírì 6.

Orí òkè Andes, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, ni ànàmọ́ òyìnbó ti ṣẹ̀ wá. Kò dà bí iṣu tàbí ẹ̀gẹ́ tó fẹ́ràn ooru. Ìgbà tí ooru bá wà láàárín dígírì 15 sí 20 ló máa ń ta jù lọ. Tí òru bá gbóná jù, ewé rẹ̀ lè tutù yọ̀yọ̀ lókè, àmọ́ oúnjẹ tí ewé náà ń ṣe kò ní sọ̀kalẹ̀ dé ìdí rẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Tí àgbẹ̀ bá wá wà á, ohun tó máa bá lábẹ́ ilẹ̀ kò ní tó nǹkan.

Otútù yìí náà ló ń fa àrùn

Àrùn kan wà tó máa ń jẹ ewé ànàmọ́ òyìnbó, tí yóò sì dúdú bí ẹni pé iná jó o. Àrùn yìí ló dá ìyàn ńlá sílẹ̀ ní Ireland lọ́dún 1845. Otútù àti ọ̀rinrin ló fẹ́ràn, ohun méjèèjì sì wà ní Jos nígbà òjò. Lọ́dún 2014, ó ba ọ̀pọ̀ oko jẹ́ ní Plateau.

Kòtò kùsà di odò

Nítorí èyí, àwọn àgbẹ̀ kan máa ń gbìn ín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ewé kì í fi bẹ́ẹ̀ rin, tí ọyẹ́ sì ń mú kí òru tutù. Níbo wá ni omi ti ń wá? Púpọ̀ nínú rẹ̀ ń wá láti inú àwọn kòtò ńlá tí àwọn tó wa kùsà tin nígbà ìjọba amúnisìn fi sílẹ̀. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń fa omi náà sí oko.

Síbẹ̀, ayé ń gbóná sí i. Tí ooru bá lé ohun ọ̀gbìn kúrò ní ẹsẹ̀ òkè, àgbẹ̀ lè gbé e gun orí òkè. Àmọ́ orí òkè ni àgbẹ̀ Jos wà tẹ́lẹ̀. Kò sí ibi púpọ̀ tó kù tó tún lè gùn sí.