Ṣé O Mọ̀? Ẹ̀fọn Kan Náà, Ara Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ṣé o mọ̀ pé bí èrò bá kún Ẹnuwá nílùú Ifẹ̀ fọ́fọ́ lásìkò ọdún Ọlọ́jọ́, ọmọ Ifẹ̀ tó ti Lọ́ńdọ̀nù dé ni ibà lè tètè dá dùbúlẹ̀? Tó bá pẹ́ nílùú tí kò ti sí ẹ̀fọn ibà, ara rẹ̀ á gbàgbé ìjà. Ẹ̀fọn kan náà jẹ òun àti ìbátan rẹ̀ tí kò kúrò nílé rí. Orí fọ́ ìbátan díẹ̀. Òun dèrò ọsibítù!

Ó tún kù.

Nínú ọmọ Nàìjíríà 4, nǹkan bí ẹni 1 ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ AS. Ibà tó le kì í sábà rí irú wọn gbé ṣe. Àmọ́ ẹni tó jẹ́ SS ńkọ́? Ewu ńlá ni ibà jẹ́ fún un. Lẹ́tà 1 péré ló yà wọ́n o!

Ẹ̀yà ibà kan wà tó ń da àwọn ará Íńdíà láàmú, vivax ni wọ́n ń pè é. Lára èyí tó pọ̀ jù nínú àwa ará Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, kì í sábà ríbi wọlé.

Aboyún ńkọ́? Lọ́dún 2000, ìwádìí láti Gáḿbíà fi hàn pé ẹ̀fọn tó ń wá aboyún tó ìlọ́po 2 èyí tó ń wá obìnrin tí kò lóyún. Oyún àkọ́kọ́ ni ibà sì máa ń bá jà jù!

Ẹni tó mutí náà kò gbẹ́yìn. Ní Burkina Faso, àwọn ọkùnrin mu ọtí ọkà bàbà, òórùn ara wọn sì túbọ̀ fa ẹ̀fọn mọ́ra. Omi kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Má tíì lọ o, kì í ṣe ibà nìkan. Gbọ́ ti Ìmẹ̀sí-Ilé, ní Ọ̀ṣun wa níbí.

Lọ́dún 1956, dókítà David Morley ti Gẹ̀ẹ́sì dé sí ọsibítù Wesley Guild ní Iléṣà. Èèyi tí ọmọ ilẹ̀ wọn ń ṣe tó sì ń lọ, òun ló ń pa àwọn ọmọ wa! Ọmọ tí kò jẹun kánú ló sì ń bá fínra jù. Ni Morley bá ń wọn ọmọ ní Ìmẹ̀sí-Ilé. Àmì kékeré kan lórí káàdì fún ìwọ̀n kọ̀ọ̀kan. Bí ìlà bá ń gòkè, ara ọmọ ń le. Bó bá dúró sójú kan, ẹ tètè sáré! Ìyá ọmọ gan-an ló ń tọ́jú káàdì náà sílé. Ó wù mí pé kí gbogbo ọmọ Ọ̀ṣun mọ ìtàn yìí, torí irú káàdì bẹ́ẹ̀ ti káàkiri ayé.

Èèyi tún burú ju bí o ṣe rò lọ. Ìwádìí kan lọ́dún 2019 rí i pé ó lè pa ìdá 11 sí 73 nínú 100 àwọn èròjà ajàrùn tí ara ọmọ ti kó jọ rẹ́. Àwọn àrùn tí ara rẹ̀ ti mọ̀ dojú ìjà kọ tẹ́lẹ̀ á tún di tuntun sí i!

Oorun wá ńkọ́? Ní Amẹ́ríkà, wọ́n kán kòkòrò ọ̀fìnkìn símú àwọn èèyàn 164. Àwọn tí kì í sùn tó wákàtí 6 kó o ní nǹkan bí ìlọ́po 4 àwọn tó ń sùn ju wákàtí 7 lọ!

Èyí tó ga jù rè é. Wọ́n fojú bù ú pé kòkòrò ikọ́ ife ti wọ ara ẹni 1 nínú 4 láyé. Nínú 100 wọn, 5 sí 10 péré ni ikọ́ náà ń dá wó. Lára àwọn yòókù, ó lè sùn fún ogójì ọdún, kí wọ́n má wúkọ́ rárá.