Bí òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ ṣe ń kọ́ iṣẹ́ ojú ọjọ́ lọ́wọ́ ara wọn

Kíkọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ ojúgbà, láàárín àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́, ni pé kí òṣìṣẹ́ ìlú kan lọ bá ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ rẹ̀ gan-an ní ìlú mìíràn, kó wo ohun tí onítọ̀hún ṣe, kó sì bi í bó ṣe ṣe é. Ó lè jẹ́ ìbẹ̀wò ọjọ́ mélòó kan, ó lè jẹ́ ìpè fóònù lóṣooṣù, ó sì lè jẹ́ ìgbìmọ̀ tí òṣìṣẹ́ ìlú bíi márùn-ún jọ ń jókòó sí. Kò jọ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan máa dúró níwájú tí àwọn yòókù á máa kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó kọ́ni lórí gọ́tà lónìí lè di akẹ́kọ̀ọ́ lórí ọ̀rọ̀ ooru lọ́la.

Ìdí tí ọ̀nà yìí fi gbilẹ̀ kò farasin. Ìjọba ìbílẹ̀ ló ń kó ìdọ̀tí, òun ló ń la ojú àgbàrá, òun ló sì máa ń mọ̀ sí i tí ènìyàn bá fẹ́ kọ́lé sétí odò. Síbẹ̀, ní ọ̀pọ̀ ìlú, ipò òṣìṣẹ́ ojú ọjọ́ jẹ́ ipò tuntun tí ẹnikẹ́ni kò wà níbẹ̀ rí. Ní Britain, ìgbìmọ̀ ìlú Bristol kéde ní oṣù Kọkànlá ọdún 2018 pé ọ̀rọ̀ ojú ọjọ́ ti di pàjáwìrì, láàárín ọdún díẹ̀ sí i, ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ tó lé ní 300 ti ṣe irú ìkéde kan náà. Ìkéde kì í nira. Ẹni kan tàbí ẹni méjì ni wọ́n sábà máa ń gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́, kò sì sí ọ̀gá kan nínú ọ́fíìsì wọn tó ti ṣe é rí. Ẹni tí wọ́n lè bi léèrè ni ẹni tó wà nírú ipò bẹ́ẹ̀ ní ìlú kejì.

Kì í ṣe ìwé ètò ìlú kejì ni wọ́n ń wá, nítorí ìwé wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ kà á. Ohun tí kì í sí nínú ìwé ni wọ́n ń wá: inú àpò ta ni owó iṣẹ́ náà ti jáde, ta ló kọ́kọ́ kọ̀ láti fọwọ́ sí i, kí ni agbaṣẹ́ṣe ṣe tó bàjẹ́, kí ni wọ́n sọ fún àwọn onílé tí inú ń bí. Irú ọ̀rọ̀ báwọ̀nyí kì í jáde níwájú àwọn oníròyìn, kì í sì í jáde níwájú olóṣèlú tó ń wá ìbò. Ìdí nìyí tí ìpàdé tó bá yọrí sí rere fi sábà máa ń jẹ́ ti àwọn òṣìṣẹ́ nìkan, láìsí ẹni tó wá ta ọjà àti láìsí kámẹ́rà.

Ti Copenhagen àti New York fi èyí hàn dáadáa. Ní ọjọ́ 2 oṣù Keje ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Copenhagen, olú ìlú Denmark, tó nǹkan bíi mìlímítà 150 ní apá kan ìlú náà láàárín nǹkan bíi wákàtí méjì. Omi kún abẹ́ ilé, ó bo títì, ohun tó bàjẹ́ sì tó nǹkan bíi bílíọ̀nù 6 owó kroner. Ní ọdún 2012, ìlú náà gbé ètò kan jáde lórí òjò ńlá. Dípò kí wọ́n máa ri páìpù gbẹ̀ǹgbẹ̀ mọ́ ilẹ̀ ṣáá, wọ́n fún omi láyè lókè ilẹ̀: kí àárín títì kan rẹlẹ̀ kó lè darí omi lọ sí èbúté, kí ọgbà kan jẹ́ ibi ìṣeré lọ́jọ́ tí ilẹ̀ gbẹ, kó sì di adágún lọ́jọ́ òjò. Iṣẹ́ bíi 300 ló wà nínú ètò náà, ó sì máa gbà tó ogún ọdún. Tåsinge Plads, gbàgede kan tí ọ̀dà àti ọkọ̀ bò tẹ́lẹ̀, ti di ọgbà eléwéko láti ọdún 2014. Enghaveparken, ọgbà àtijọ́ kan, ti lè gba omi tó lé ní 22,000 kúbíìkì mítà báyìí.

New York ní ìdí láti fetí sílẹ̀. Nínú ìlú méjèèjì, páìpù kan náà ló ń gbé omi òjò àti ẹ̀gbin ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ní ọ̀pọ̀ àdúgbò. Ní New York, ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún ìlú ló rí bẹ́ẹ̀. Bí òjò bá pọ̀ jù, gbogbo rẹ̀ á jọ ya sínú èbúté. Ìjì Sandy ti oṣù Kẹwàá ọdún 2012 ti kọ́ New York láti máa bẹ̀rù omi òkun, ṣùgbọ́n omi tó ń tòkè bọ̀ ni Copenhagen mọ̀ dunjú. Ní 2015, ìlú méjèèjì tọwọ́ bọ̀wé àdéhùn láti máa kọ́ ẹ̀kọ́ lára wọn. Ohun tí àwọn ará Denmark gbé wá ju àwòrán ọgbà lọ. Wọ́n ní ìṣirò tó fi hàn pé àpapọ̀ páìpù àti iṣẹ́ orí ilẹ̀ kò wọ́n tó páìpù nìkan. Wọ́n tún ní ìrírí lórí owó: òfin ilẹ̀ wọn ti yọ̀ǹda kí wọ́n fi lára owó omi tí onílé ń san ṣe irú iṣẹ́ orí ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ti bá àwọn aṣòfin àti àwọn tó ń ṣírò owó ilé omi fà á ló lè sọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le.

Lára ohun tó ti ibẹ̀ jáde ni ètò South Jamaica Houses, ilé ìjọba kan ní Queens ní New York, níbi tí wọ́n ti pète pé kí pápá bọ́ọ̀lù agbọ̀n rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ àyíká rẹ̀ lọ kó lè gba omi òjò dúró. Iṣẹ́ náà falẹ̀. Kí wọ́n tó kọ́ ọ parí ni ìyókù ìjì Ida dé ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2021. Mìlímítà 80 òjò ló rọ̀ sí Central Park láàárín wákàtí kan, ènìyàn 13 kú ní ìlú náà, 11 nínú wọn nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ó di oṣù Kìíní ọdún 2023 kí ìjọba ìlú tó kéde pé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò dé àdúgbò mẹ́rin mìíràn. Ojúgbà lè fi ọ̀nà hàn, àmọ́ kò lè bá ìlú ẹlòmíràn fọwọ́ sí owó.

Àwọn mìíràn kò nílò láti wọkọ̀ òfuurufú rárá. Ní gúúsù-ìlà-oòrùn Florida, káńtì mẹ́rin, ìyẹn irú ìjọba ìbílẹ̀ kan níbẹ̀, ló tò tẹ̀lé ara wọn létí òkun: Palm Beach, Broward, Miami-Dade àti Monroe. Ilẹ̀ ọ̀pọ̀ ibẹ̀ jẹ́ òkúta ẹfun tó kún fún ihò, omi òkun sì lè gba abẹ́ rẹ̀ yọ sí títì lọ́jọ́ tí oòrùn ń ràn. Ògiri etí òkun kò lè dá a dúró. Nígbà tí àwọn aṣojú wọn ń lọ sí Washington láti tọrọ owó, káńtì kọ̀ọ̀kan ń ka iye tirẹ̀ nípa bí omi òkun yóò ṣe ga tó, iye náà kò sì bára mu. Ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Ní oṣù Kìíní ọdún 2010, wọ́n ṣe àdéhùn láti jọ ṣiṣẹ́. Ní 2011, àwọn òṣìṣẹ́ wọn àti àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì jókòó, wọ́n sì gbé ìṣirò kan ṣoṣo kalẹ̀ fún gbogbo wọn. Wọ́n ti tún un ṣe ní 2015 àti 2019.

Àwọn òṣìṣẹ́ Broward àti ti Fort Lauderdale, ìlú kan nínú káńtì náà, gbé ìrírí yìí lọ bá Durban ní South Africa. Ìlú yẹn ni àwọn máyọ̀ 107 ti fọwọ́ sí Àdéhùn Durban nígbà COP17, ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́, ní ọdún 2011, pé àwọn yóò mú ìlú wọn gbára dì de ìyípadà ojú ọjọ́. Kí ìwé náà má baà sùn sínú àpótí, Durban wo àwòkọ́ṣe Florida, ó sì dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tó yí i ká ní ìpínlẹ̀ KwaZulu-Natal. Debra Roberts, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú náà tó darí ẹ̀ka tó ń rí sí àyíká àti ojú ọjọ́, wá di ọ̀kan lára alága méjì ẹ̀ka kejì IPCC, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ àgbáyé, ní 2015. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹni tó ń jíròrò gọ́tà ìlú máa ń dé irú ibẹ̀.

Ní Durban kan náà, aráàlú gan-an wọnú ọ̀rọ̀ náà. Ní Quarry Road West, àdúgbò ilé onípákó létí odò Palmiet, àwọn olùgbé, òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú àti olùwádìí Yunifásítì KwaZulu-Natal jọ wà lórí WhatsApp, wọ́n ń fi bí odò ṣe ń kún tó ara wọn létí. Nígbà tí omíyalé oṣù Kẹrin ọdún 2022 pa ènìyàn tó lé ní 400 ní KwaZulu-Natal, ìkìlọ̀ orí fóònù yìí mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn jáde kí omi tó gbé ilé wọn lọ.

Ewu kan wà nínú wíwo ẹlòmíràn ṣe nǹkan. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2010, ooru dé ìwọ̀n 46.8 Celsius ní Ahmedabad ní India. Iye ẹni tó kú lóṣù náà fi 1,344 ju ti ìgbà tí ara dẹ̀ lọ. Ní 2013, ìlú náà gbé ètò ooru jáde, irú àkọ́kọ́ ní gúúsù Éṣíà: ìkìlọ̀ aláwọ̀ pupa tàbí òféèfé, omi mímu lójú pópó, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn dókítà. Ilé ìwòsàn kan gbé yàrá àwọn ìkókó kúrò ní àjà òkè, tí oòrùn ń pa tààrà, wá sísàlẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìlú India, Nagpur àti Bhubaneswar nínú wọn, ti gba irú ètò náà. Àmọ́ ooru Nagpur gbẹ, ti Bhubaneswar ní ọ̀rinrin etí òkun, ìwọ̀n tó yẹ kí ìkìlọ̀ bẹ̀rẹ̀ kò sì lè dọ́gba. Ìlú tó bá gbé nọ́ńbà Ahmedabad lọ láìṣe ìṣirò tirẹ̀ lè máa kìlọ̀ lẹ́yìn tí òkú ti sùn. Ohun tó ṣeé kó lọ ni bí wọ́n ṣe rí nọ́ńbà náà àti ẹni tí wọ́n fi ṣe alábòójútó.

Ìdíwọ́ mìíràn wà tí kò gba àlàyé púpọ̀. Òṣìṣẹ́ máa ń kúrò nípò, ohun tó kọ́ á sì bá a lọ bí ẹni kan ṣoṣo ni wọ́n rán jáde. Owó ìrìn-àjò ni ìjọba ìbílẹ̀ sì kọ́kọ́ máa ń gé nígbà tí nǹkan bá le, nítorí náà ìlú ńlá ló sábà máa ń kún irú ìpàdé bẹ́ẹ̀.

Èyí hàn ní Nàìjíríà. Èkó wà nínú C40, ẹgbẹ́ ìlú ńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní London ní 2005 pẹ̀lú ìlú 18, ẹgbẹ́ náà sì kún un lọ́wọ́ láti ṣe ètò ojú ọjọ́ rẹ̀ ti 2020 sí 2025. Ìjọba ìpínlẹ̀ ló ń ṣojú Èkó níbẹ̀, kì í ṣe àwọn ìjọba ìbílẹ̀ 20 tó wà nínú òfin, bẹ́ẹ̀ ìwé òfin ọdún 1999 ti fi ìdọ̀tí àti ojú àgbàrá sí abẹ́ ìjọba ìbílẹ̀. Ní Ìbàdàn, omíyalé ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 pa ènìyàn tó lé ní 100, kò tíì pé oṣù méjì lẹ́yìn òjò Copenhagen. Báǹkì Àgbáyé fọwọ́ sí mílíọ̀nù 200 dọ́là fún iṣẹ́ omíyalé Ìbàdàn ní 2014. Ìjọba ìbílẹ̀ 11 ló pín ìlú náà àti àyíká rẹ̀ láàárín ara wọn, odò kò sì mọ ààlà wọn. Ìdọ̀tí tí wọ́n dà sódò lápá òkè ló ń dí afárá tó wà nísàlẹ̀. Abẹ́òkúta, tí àgbàrá pa ènìyàn ní oṣù Keje ọdún 2018, kò tó ọgọ́rùn-ún kìlómítà sí Ìbàdàn, mọ́tò lásán ni òṣìṣẹ́ ìlú kan fi máa débẹ̀ láàárọ̀ kó sì padà sílé lálẹ́.