Bí a ṣe lè ṣàlàyé Praat fún ẹni tí kò lò ó rí

Praat ni ọ̀pọ̀ nínú wa fi ń wọn ohùn. Paul Boersma àti David Weenink ní Yunifásítì Amsterdam ló ṣe é, ọ̀fẹ́ sì ni. Àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ìwé ìtọ́sọ́nà rẹ̀; àwa rèé, Faransé ni a fi kẹ́kọ̀ọ́, Yorùbá ni a ń wọn. Ó yẹ kí àwa tí a ti mọ̀ ọ́n lò kọ àlàyé fún àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti inú ohun tí ojú rí. Bí a bá ṣí Praat, fèrèsé méjì ló ń yọ: Objects àti Picture. Ẹ sọ fún ẹni tuntun pé kí ó pa Picture dé, kò nílò rẹ̀ lónìí. Ẹ má túmọ̀ orúkọ bọ́tìnnì: bí ẹ bá sọ «View & Edit» di Yorùbá, ibo ni yóò ti rí i lójú kọ̀ǹpútà? Iṣẹ́ tí bọ́tìnnì náà ń ṣe ni kí ẹ fi Yorùbá sọ. Kí ó sì tètè mọ̀ pé object kì í ṣe fichier: orí àtẹ ló wà, bí a kò bá fi «Save» kó o pamọ́ kí a tó ti Praat pa, ó lọ nìyẹn.

Nọ́ńbà ló le jù. Ìmọ̀ràn kan ti pẹ́ nínú ìwé Praat: 75 sí 300 Hz fún ohùn ọkùnrin, 100 sí 500 fún ti obìnrin. Ẹni tuntun á dà á kọ bí oògùn tí dókítà júwe. Ẹ sọ ìdí rẹ̀ fún un: ààyè tí Praat ti ń wá ohùn ni. Ká ní ó fi 150 ṣe ìsàlẹ̀ ààyè náà, tí ohùn bàbá tó ń sọ̀rọ̀ wá sọ̀kalẹ̀ dé 120, Praat kò lè rí 120 yẹn. Ó lè kọ 240 dípò rẹ̀. Ìlà á fò sókè lójijì, ohùn ìsàlẹ̀ á dà bí ohùn òkè, «ìgbà» á di «ìgbá», á sì wọ inú mémoire bẹ́ẹ̀.

Bí ẹ bá kọ ọ́ tán, ẹ gbé e fún ẹnì kan ní ọdún kìíní, kí ẹ jókòó tì í láìsọ̀rọ̀ (èyí ló nira fún àwa onímọ̀ èdè). Ibi tí ó bá ti dúró, ibẹ̀ ni kí ẹ tún kọ. Ẹ kọ nọ́ńbà ẹ̀yà Praat tí ẹ lò sórí rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí àwọn àlàyé àtijọ́ ṣì ń sọ «Edit» níbi tí «View & Edit» wà báyìí.