Dókítà Wo Lọmọ Yín Fẹ́ Jẹ́?

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ti gba oyè físíòtẹ́rápì ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ tàbí Èkó, tó sì wà lọ́dọ̀ yín báyìí ní Bowie tàbí Hyattsville, ẹ má tíì ta ilẹ̀ ilé nítorí owó ilé-ìwé. Ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè irú dókítà tó fẹ́ jẹ́.

Oyè dókítà méjì ló wọ́pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. DPT ni ti ẹni tí yóò máa tọ́jú aláìsàn. Ó ń gbà tó ọdún mẹ́ta, àpò ara ẹni tàbí gbèsè ni wọ́n sì sábà fi ń san án. PhD ni ti olùwádìí. Ọ̀pọ̀ ẹ̀ka máa ń san owó ilé-ìwé akẹ́kọ̀ọ́ PhD, wọ́n á sì fún un ní owó díẹ̀ lóṣooṣù nítorí iṣẹ́ tó ń bá wọn ṣe. Ṣùgbọ́n PhD kì í fúnni ní láísẹ́ǹsì. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́jú aláìsàn ní Maryland gbọ́dọ̀ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìwé ẹ̀rí rẹ̀ láti ilé wò, kó sì yege nínú ìdánwò NPTE. Láàárín àwa nọ́ọ̀sì náà, mo ti rí i pé orúkọ oyè máa ń dùn létí ju iṣẹ́ inú rẹ̀ lọ.

Bó bá jẹ́ ìwádìí lórí ara àwọn eléré ìdárayá ló wù ú, kó má wá ilé-ìwé tó kọ "físíò eré ìdárayá" sára ilẹ̀kùn. Kò wọ́pọ̀. Ní College Park, nínú kaúńtì wa níbí, Kinesiology ni Yunifásítì Maryland ń pe ẹ̀ka náà. Ní Baltimore, Physical Rehabilitation Science ni. Ní Delaware, Biomechanics and Movement Science ni; ibẹ̀ ni Lynn Snyder-Mackler àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣèwádìí lórí ACL, iṣan orúnkún tó máa ń já mọ́ agbábọ́ọ̀lù lára.

Ẹ wo Oluwatoyosi Owoeye. Ní Èkó, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kó ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ọ̀dọ́ 20 jọ, ọmọkùnrin 416. Àwọn kan ń ṣe ìdárayá FIFA 11+ kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù, àwọn yòókù ń ṣe bí wọ́n ti ń ṣe tẹ́lẹ̀. Láàárín àwọn tó ṣe é, ìfarapa fi ìdá 41 nínú ọgọ́rùn-ún kéré sí ti àwọn yòókù. Wọ́n tẹ èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Lẹ́yìn náà ló lọ gba PhD ní Calgary, ní Kánádà, níbi tí wọ́n ti ń ṣèwádìí lórí dídènà ìfarapa eléré. Ìbéèrè tó ti ń dà á láàmú láti Èkó ló gbé lọ bá àwọn tó ń bi irú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni kí ọmọ yín ṣe. Kó ka ìwádìí méjì tàbí mẹ́ta tí ọ̀jọ̀gbọ́n kan kọ, kó tó kọ lẹ́tà sí i. Kí lẹ́tà náà má gùn bí àdúrà àìsùn. Ìpínrọ̀ mẹ́ta ti tó. Kó béèrè bóyá ọ̀jọ̀gbọ́n náà ń gba akẹ́kọ̀ọ́ lọ́dún tó ń bọ̀, ọdún mélòó ni owó ìrànwọ́ máa fi wà, àti ibi tí àwọn tó ti kọ́ ń ṣiṣẹ́ báyìí. Kó bẹ̀rẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí ọ̀pọ̀ ilé-ìwé ń ti ìforúkọsílẹ̀ ní Oṣù Kejìlá tàbí Oṣù Kìíní. Bí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá láìsí èsì, kó tún kọ lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn náà kó kọ sí ẹlòmíràn.